Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Wo Ẹ̀jẹ̀ Ara Wọn

Òórùn ẹja gbígbẹ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ló máa ń gba orí àtẹ̀gùn gòkè wá bá wa láàárọ̀, nítorí òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, ní Peckham ní London, ni èmi àti bàbá mi ń gbé nígbà náà. Ìwọ náà mọ bí òpópónà yẹn ṣe máa ń rí láàárọ̀ kùtù: àwọn tó ń já ẹrù ń pariwo ní oríṣiríṣi èdè, bọ́ọ̀sì ò rí ọ̀nà kọjá, omi yìnyín ẹja ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, wọ́n á ní òtútù nìkan ni London fi ju Ìṣẹ́yìn lọ. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni wọ́n wá bá mi gbé, kò sì pẹ́ tí gbogbo àwọn ọlọ́jà ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Tíṣà.

Tíṣà ni wọ́n lóòótọ́. Báyọ́lọ́jì ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ girama, èmi náà sì jókòó ní kíláàsì wọn rí. Maikirosíkóòpù kan ṣoṣo ni ilé ìwé wa ní. Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n máa ń gbé e sí, kí dígí abẹ́ rẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àwa á sì tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo èèpo àlùbọ́sà. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan mọ́, wọn kì í tú wa ká. Ìtàn ni wọ́n máa ń sọ, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ti dókítà ará Faransé kan tó gbé ní Paris nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun. Òfin ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ kọ́ kó tó yí sí ìṣègùn. Àwọn àgbà oníṣègùn ìgbà náà ka maikirosíkóòpù sí ohun ìṣeré tó ń tan ojú jẹ. Ó ní rárá, ó fi owó ara rẹ̀ ra ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn wò. Ẹ̀jẹ̀, ọyún, omi ọmú abiyamọ, kò sí ohun tó ti ara èèyàn jáde tí kò wò. Nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ ohun tuntun láyé, ó wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fi ya ohun tó wà lábẹ́ lẹ́ńsì sórí páànù fàdákà. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jẹun rí. Orúkọ ọkùnrin náà, bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu, mo rò pé ará Faransé kankan kò lè dá a mọ̀.

Ìtàn yẹn ni mo tẹ̀ lé dé London, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń ka èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kan bá rú ẹ̀rọ lójú, àwa là ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí a ń fi aró aláwọ̀ àlùkò pa á, tí a sì ń fi ojú wò ó. Bàbá mi kò yé béèrè nípa iṣẹ́ náà. Bí mo bá dé láti shift, kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n á ní kí ni mo rí lónìí. Mo máa ń sọ fún wọn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: ibà tí ẹnì kan gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti ilé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló tí irin kò tó nínú rẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á tẹ́tí, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún yẹn ni mo rí i pé àtẹ̀gùn ilé ń le fún wọn. Wọ́n á dúró lágbedeméjì, wọ́n á díbọ́n pé fóònù ni àwọn ń wò. Mo kà á sí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí wọ́n ká apá ẹ̀wù sókè láti ṣe àlùwàlá, mo rí àmì dúdú lára apá wọn, ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, òmíràn tún wà nítòsí ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló gbá àwọn. Ní ọjọ́ kejì mo rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi fọ eyín. N kò bá wọn jiyàn mọ́. Mo pe GP wa, dókítà àdúgbò tí a máa ń kọ́kọ́ lọ bá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, èmi sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ láti àdúgbò náà máa ń já sí. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe mọ̀ pé òjò lè rọ̀, tí kò sì mú agbòjò.

Ọ̀sán ni. Alájọṣiṣẹ́ mi kan, ọkùnrin ará Ghana tó jù mí lọ dáadáa, jókòó ti maikirosíkóòpù tó kọjú sí tèmi. Ó kán òróró sórí gíláàsì kan, ó tẹ orí ba, ó sì dákẹ́. Ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó dára kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí a máa kọ orin ìsìn lábẹ́ ẹnu láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí a bá ń lọ sílé. Ó yọ gíláàsì náà, ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó gbé e padà, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní kí n lọ sinmi díẹ̀. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé ni. Ó ní kí n tún lọ.

Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹbí rẹ̀, kò gbọdọ̀ wò ó, kò gbọdọ̀ béèrè. Òfin tó dára ni, èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn tuntun rí. Mo jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta tíì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀jẹ̀ bàbá mi. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yẹn, gbogbo ìdánwò tí mo ṣe, ojú tí mo fi ń dá sẹ́ẹ̀lì burúkú mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo rẹ̀ dúró síta pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo padà wọlé, ibi tí alájọṣiṣẹ́ mi jókòó sí ti ṣófo, ó ti lọ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ níyàrá kejì. Mo mọ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ti se ẹ̀wà, wọ́n ti bu tèmi sílẹ̀, wọ́n fi àwo mìíràn dé e. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ dára. Wọ́n bi mí ohun tí mo rí lónìí, mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́, a kò rí nǹkan kan wò. Wọ́n wá ń sọ fún mi nípa obìnrin tó ń ta ẹja nísàlẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ ti rí àyè sí yunifásítì, pé àwọn ní kó gbé ìwé náà wá fi han àwọn. Mo ń wo ètè wọn bó ṣe ti funfun. Mo ń ro ohun tó ń lọ nínú iṣan tó wà lọ́rùn wọn, pé ó ń pọ̀ sí i bí a ti jókòó yìí, pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Ṣíbí mi kò gbé ẹ̀wà dé ẹnu.

Wọ́n ní, "Àbí iyọ̀ jù?"

"Rárá, Bàbá. Ó dùn."

Nígbà tí àkókò Mọ́gàríbì tó, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun. Wọ́n ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí fóònù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Nọ́ńbà kò hàn lójú rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń pè nìyẹn. Ó ń gbọ̀n, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì. Mo na ọwọ́ sí i, mo fà á padà, nítorí kì í ṣe èmi ni wọ́n pè. Ó dákẹ́. Bàbá mi fi iwájú orí kanlẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, n kò rò pé mo rí ìforíkanlẹ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí ìrun dé ìparí, wọ́n sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì, wọ́n fi ìka ka tẹ̀sùbáà wọn láìkánjú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè pé ta ló ń wá àwọn tó báyìí. Mo gbé fóònù náà fún wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tíṣà àtijọ́: yes, Doctor, I see, Doctor, thank you, Doctor. Wọ́n ní dókítà ní kí a máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kí n bá àwọn mú ẹ̀wù tó nípọn.

Inú táàsì ni wọ́n ti wo ojú mi. Wọ́n ní, "O ti rí i níbi iṣẹ́."

Mo ní rárá, pé wọn ò jẹ́ kí n rí i.

Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú títí a fi dé, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń gbé lọ.

Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ẹ̀jẹ̀, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, wá bá wa ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó kó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tó yára. Ó ní oògùn líle wà tó lè bá a jà, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá mi ti rẹ̀, oògùn náà á pa wọ́n kó tó pa àìsàn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, kí wọ́n sì rí i pé ìrora kò dé bá wọn. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bi í ní orúkọ ìlú tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Mo mọ gbogbo orúkọ tí àìsàn náà ń jẹ́, mo mọ ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún wọn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ìdí, ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí ń kán sínú bàbá mi, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn jókòó, mo káwọ́ gbera.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pè láti Ìṣẹ́yìn lójoojúmọ́. Ó ti gbọ́ nípa oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní Ṣakí, ó ní kí n gbé Bàbá wá sílé. Mo ṣàlàyé pé wọn kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ó wá ní, "Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní hospital, kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?" N kò bínú sí i. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi ara mi bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn wọ́ọ̀dù. Mummy kan tó ń gbé òkè wa, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, nìkan ló wá tí kò béèrè nǹkan kan. Tààrà láti shift ló ti máa ń wá, á fa àga, á fi ìpara ra ẹsẹ̀ bàbá mi tó ti gbẹ. Ó bi wọ́n bóyá wọn kò ní bínú bí òun bá gbàdúrà ní ìlànà tòun. Wọ́n ní kó gbà á, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ kan tí ẹ̀jẹ̀ tuntun ti fún wọn lágbára díẹ̀, wọ́n sọ fún dókítà náà pé, "Ohun tó ń pa mí yìí, mo fẹ́ fi ojú mi rí i."

Dókítà náà wo ojú mi. Mo sọ fún un pé tíṣà báyọ́lọ́jì ni wọ́n. Ó ní òun á béèrè, n kò sì rò pé yóò ṣeé ṣe, nítorí ohun púpọ̀ ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá fúnra rẹ̀, ó ní wọ́n ti gbà, èmi náà sì lè wò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó gbé wa lọ sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí maikirosíkóòpù olójú méjì wà, irú èyí tí èèyàn méjì lè fi wo ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alájọṣiṣẹ́ mi ará Ghana ló gbé gíláàsì náà wá. Ó tò ó sábẹ́ lẹ́ńsì, ó tẹrí ba fún bàbá mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní ilé wọn, ó sì jáde.

Èmi ni mo bá bàbá mi yí i títí ó fi hàn kedere. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó dára, sẹ́ẹ̀lì pupa ló máa ń kún ojú ilẹ̀ bí àwo pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́. Bóyá ni wàá rí funfun kan tàbí méjì láàárín wọn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn funfun náà ti tóbi, aró ti pa wọ́n ní àlùkò, wọ́n fún ara wọn pọ̀ bí èrò ibùdókọ̀ Peckham Rye nígbà tí reluwé bá pẹ́, àwọn pupa sì há sí kọ̀rọ̀.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n béèrè pé, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni tiyín, Bàbá."

"Àti àwọn ńlá wọ̀nyí?"

"Àti àwọn náà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n rẹwà."

Láìgbé ojú kúrò níbẹ̀, wọ́n sọ apá kan ìtàn ará Faransé náà tí wọn kò sọ fún wa rí ní kíláàsì. Wọ́n ní dókítà mìíràn ní Paris ń tọ́jú obìnrin kan tó ń ṣàìsàn, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi dé abẹ́ lẹ́ńsì ọkùnrin náà, obìnrin ọ̀hún ti kú. Ó wò ó, ó rí i pé funfun lé ní ìdajì, ó sì sọ ohun tó rí. Ó tún rí irú rẹ̀ lára àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, débi pé ọyún ló kọ́kọ́ rò pé ó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó wá rò pé àwọn funfun yẹn jẹ́ èyí tó yẹ kó dàgbà di pupa, tí nǹkan kan dá dúró lọ́nà. Ó ṣì í níbẹ̀, bàbá mi ní, funfun kì í di pupa. Ṣùgbọ́n pé wọn kò dàgbà tó bó ṣe yẹ, kò jìnnà sí òótọ́. Mo béèrè ohun tó wá ṣe fún àwọn aláìsàn náà. Wọ́n ní kò rí nǹkan ṣe, kò sí oògùn, kò tilẹ̀ sí ẹni tó tíì mọ orúkọ tí wọn yóò pe àìsàn ọ̀hún. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé.

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ fi ojú pamọ́ sínú maikirosíkóòpù, bàbá mi sì gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

"Má sunkún sórí rẹ̀," wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá gbogbo kíláàsì wí. "Wàá ba lẹ́ńsì jẹ́. Nu ojú rẹ, kí o sì wò ó dáadáa. Kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó wò ó."

Mo nu ojú. A jọ wò ó, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, wọ́n ń ní kí n sún un sọ́tùn-ún, kí n sún un sókè díẹ̀, wọ́n ń bi mí ní ohun tí èyí jẹ́ àti èyí yẹn, mo ń dáhùn. Dókítà náà dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò yọ wá lẹ́nu. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó tó.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi kú, lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí wẹ̀ wọ́n, a sì sin wọ́n sí apá tí ó jẹ́ ti Mùsùlùmí ní itẹ́ òkú kan. Mo gbé fóònù sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè gbọ́ àdúrà láti Ìṣẹ́yìn. Atẹ́gùn ń gbé ohùn lọ, n kò mọ ohun tó gbọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti ń lọ, ó ṣì wà lórí fóònù. Ó ní, "O ṣeun tó o wà níbẹ̀." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha.

Ó pẹ́ kí n tó lè padà jókòó síbi iṣẹ́. Nígbà tí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn tún bọ́ sábẹ́ ojú mi, ti àjèjì kan ni, ẹnì kan tó ṣeé ṣe kó máa ra nǹkan lọ́jà ní wákàtí yẹn láìmọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dá àìsàn mọ̀, mo máa ń yára kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbé e kúrò níwájú mi. N kò yára mọ́. Mo máa ń wò ó yíká, láti etí dé etí, mo máa ń dárúkọ ẹni náà ní ọkàn mi, lẹ́yìn náà ni mo ń pe dókítà. Àìlágbára yẹn kò kúrò lára mi, n kò sì retí pé kó kúrò; ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì náà, kò sí èyí tí ọwọ́ mi lè dá dúró. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, a ti jọ wo ohun tó ń pa wọ́n, mo sì rí i pé wọn kò dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí mo lè ṣe fún àjèjì nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan jókòó tì í.